Rubidium-87 kò tutù kọjá 150 µK lẹ́yìn molasses: kí ni kí n yẹ̀ wò?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. MOT wa (pańpẹ́ tó ń fi léésà àti òòfà kó átọ́ọ̀mù jọ) ń kó átọ́ọ̀mù rubidium dáadáa, ìgbà tí a bá pa kọ́ìlì tó ń bí òòfà rẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Molasses (léésà nìkan, láìsí òòfà, tó ń mú átọ́ọ̀mù tutù sí i) 10 ms là ń lò, léésà 780 nm wà ní 15 MHz nísàlẹ̀ fíríkúẹ́ńsì átọ́ọ̀mù, a kò dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Bí ìkúukùu átọ́ọ̀mù ṣe ń fẹ̀ fi 150 µK hàn (µK jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kelvin). Àpótí irin la fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Èsì 1: 146 µK ni ààlà Doppler (ibi tí ìtutù léésà lásán ń dé) fún rubidium, torí náà ìtutù tó yẹ kó kọjá ààlà yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Òòfà tó ṣẹ́kù ló sábà máa ń bà á jẹ́. Ti ilẹ̀ ayé nìkan tó nǹkan bí ìdajì gauss (ìwọ̀n agbára òòfà). Ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ sí abẹ́ 0.05 gauss, pẹ̀lú kọ́ìlì méjì-méjì ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi molasses sílẹ̀ fún 100 ms kí ẹ wò ó. Bí ìkúukùu bá sáré lọ sápá kan dípò kó máa fẹ̀ lójú kan, òòfà ṣì wà níbẹ̀, tàbí kí ìtànṣán méjì tó kọjú síra má dọ́gba.

Èsì 2: Irin yẹn gan-an ni kí ẹ fura sí. Tí ẹ bá já iná kọ́ìlì, iná mìíràn á máa yí nínú ara irin fún ìwọ̀nba ms, á sì máa bí òòfà tirẹ̀. 10 ms yín lè tán kó tó rọlẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rọ wọn òòfà níta àpótí, kò wúlò. Átọ́ọ̀mù ni kí ẹ bi: ẹ fi microwave 6.8347 GHz sí i ní oríṣiríṣi àkókò lẹ́yìn tí kọ́ìlì kú. Ìlà méje (fíríkúẹ́ńsì tí átọ́ọ̀mù ń dáhùn sí) lẹ máa rí, 0.7 MHz láàárín wọn fún gauss kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bá wọnú ara wọn, òòfà ti tán nìyẹn.

Èsì 3: Gbogbo ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n 15 MHz kéré jù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe kéré tó, tí léésà sì jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe tutù tó. Ẹ sún un díẹ̀díẹ̀ dé bíi 60 MHz láàárín ms méjì sí mẹ́ta, kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Repumper (léésà kejì tó ń dá átọ́ọ̀mù tó bọ́ padà sínú ìtutù) ò gbọdọ̀ kú o! Kí AOM (ohun èlò tó ń yí fíríkúẹ́ńsì léésà) jẹ́ double-pass, kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtànṣán á yà kúrò lẹ́nu fiber (okùn gíláàsì tó ń gbé ìmọ́lẹ̀) bí fíríkúẹ́ńsì ṣe ń yí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé ìwọ̀n tí a wọ̀n fúnra rẹ̀ kò lè jẹ́ irọ́?

Èsì 1: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ìkúukùu gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ ní 1.96 mm láàárín 20 ms. Ìyẹn ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n àwòrán. Àṣìṣe 10% níbẹ̀ á di nǹkan bí 20% nínú ìgbóná. Àti pé ní 150 µK, fífẹ̀ ìkúukùu nìkan ti tó 2.4 mm ní 20 ms, etí rẹ̀ lè jáde kúrò nínú ìtànṣán tí ẹ fi ń yàwòrán. Ẹ lo 4 sí 12 ms ná, títí yóò fi tutù.