Dónọ́ọ̀tì oníbísíkíìtì agolo: ó ti yanjú

Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta. Ohun tí mo béèrè ni pé kí ló dé tí dónọ́ọ̀tì tí a fi bísíkíìtì inú agolo dín fi ń pọ́n lóde, tí inú rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Bísíkíìtì rírọ̀ tí kò tíì jinná, tí wọ́n ń tà nínú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù l'Amẹ́ríkà ni mò ń wí o, kì í ṣe gbígbẹ tí à ń fi mu tíì.

Òróró ló gbóná jù. 175°C ni kó wà, ìyẹn 350 ní ti Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò ní tẹmómítà, kó ki ìdí ṣíbí onígi bọ̀ ọ́: kí ó máa hó wẹ́wẹ́ yí igi náà ká ni, bó bá ń ta pàrà, ẹ dín iná kù.

Àárín ló máa ń pẹ́ jinná jù, nítorí náà ẹ fi ìdérí ìgò omi gé ihò síbẹ̀. Èyí tí ẹ gé kúrò, ẹ dín in pẹ̀lú. Ó jọ pọfupọfu. Mẹ́ta mẹ́ta ni kí ẹ máa dà sí i, ìṣẹ́jú kan sí kan ààbọ̀ fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, òróró á tutù, wọ́n á sì mu ún yó.

Ẹ má ra èyí tí wọ́n kọ “Flaky Layers” sí lára. Ṣe ló máa ń ṣí bí ewé ìwé nínú òróró.

Ṣúgà ìlàjì ife, sínámónì ṣíbí tíì kan: ẹ yí dónọ́ọ̀tì náà nínú rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Bó bá ti tutù, ṣúgà kò ní dì mọ́ ọn.