Ilé tí a fẹ́ fi gba ayálégbé: pákó ni ká tẹ́ sílẹ̀ ni, àbí rọ́ọ̀gì?

Ìbéèrè, láti Àrójẹ, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Yàrá mẹ́jọ, ilé ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH ló máa pọ̀ jù nínú àwọn tó máa gbé e. Onílé wà lókè òkun. Ó ní pákó lòun fẹ́ lórí ilẹ̀ bíi ti ibi tí òun ń gbé, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí a fi rọ́ọ̀gì bo gbogbo rẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Èwo nínú méjèèjì ló máa pẹ́?

Bíríkìlà, Sábó

Kí ẹ tó dárúkọ pákó tàbí rọ́ọ̀gì, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé wọ́n da German floor rẹ̀ (kọnkéré ìsàlẹ̀ ilé) sórí erùpẹ̀ láìtẹ́ nílọ́ọ̀nù sábẹ́. Omi inú ilẹ̀ á máa fà wá sókè díẹ̀díẹ̀, bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Lórí sìmẹ́ǹtì lásán, ooru yàrá á gbẹ ẹ́ lọ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fi nǹkan bò ó ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ gé nílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, sẹ̀ǹtímítà 45 níbùú àti lóròó. Ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ráyè, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán. Bí ẹ bá rí ìrì lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí ojú sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ilẹ̀ yẹn ń mí omi. Àsìkò òjò ni kí ẹ ṣe é. Ọyẹ́ a máa purọ́ fún èèyàn.

Bí ó bá jẹ́ pé tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ, ínǹṣì kan nípọn máa ń gba bí oṣù kan kó tó gbẹ dénú. Ojú rẹ̀ lè ti funfun láàárín ọ̀sẹ̀ kan, inú rẹ̀ ò tíì gbẹ.

Onírọ́ọ̀gì, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Rọ́ọ̀gì ni ọjà mi, síbẹ̀ ẹ má rà á fún ilé yìí.

Ẹ jẹ́ ká ya orúkọ sọ́tọ̀ ná, torí ibẹ̀ làwọn oníbàárà ti ń ṣìnà. Rọ́ọ̀gì ni èyí tó ní irun. Èyí tó dà bí awọ tàbí rọ́bà, tó ń dán, tí a lè fi àkísà tútù nù, kápẹ́ẹ̀tì là ń pe ìyẹn. Onílé yín tó wà lókè òkun, bó bá ní “carpet”, ẹ bi í dáadáa èwo ló ń sọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rọ́ọ̀gì ló ní lọ́kàn.

Àwọn rọ́ọ̀gì kan wà tí ìbú wọn jẹ́ mítà 4. Yàrá ẹsẹ̀ 12 jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.66, nítorí náà kò ní ní ojú ìrán, ẹ kàn máa gé bíi sẹ̀ǹtímítà 34 dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gígé rẹ̀ ò le. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Korobá omi kànga tó ń ti ìta wọ yàrá lójoojúmọ́ máa ń kán sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, fọ́ọ̀mù ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fà á mu, kò sì ní gbẹ láéláé bí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Láàárín àsìkò òjò kan péré, á ti bu lábẹ́, á máa rùn. Eruku ọyẹ́ náà á wọnú irun rẹ̀, ìgbálẹ̀ ò sì lè gbá a jáde. Ẹni tó ní ikọ́ fée ò lè sùn níbẹ̀. Kẹrosíìnì tó bá dà sí i, tiyín ni títí ẹ ó fi ká a dànù.

Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò gbígbóná kan tó bá bọ́ lé e á sàmì sí i, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì onírin á sì gún un. Bí ilẹ̀ bá ń mí omi bí bíríkìlà ṣe wí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dúdú.

Káfíńtà, Ìsòkùn, Ọ̀yọ́

Ẹ má tíì lé pákó jáde nílé o. Àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ àtijọ́ tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ àti l'Ógbòmọ̀ṣọ́, pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ òkè wọn, a ṣì ń rí èyí tí wọ́n ń tẹ̀ dòní. Ohun tó jẹ́ kí ó pẹ́ ni pé kò fara kan ilẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ rẹ̀. Bí pákó bá sùn lé sìmẹ́ǹtì nísàlẹ̀, oúnjẹ ikán la gbé kalẹ̀ yẹn. Ojú ihò tó wà láàárín ògiri àti ilẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà wọlé, wọ́n á jẹ inú rẹ̀ tán, á ku ojú òkè bíi bébà. Ẹsẹ̀ tó bá rì wọlé ló máa sọ fún yín.

Nítorí náà, bí onílé bá kọ́ òkè lọ́jọ́ iwájú, ẹ lè gbọ́ tirẹ̀. Fún yàrá ẹsẹ̀ 12, igi ínǹṣì 2 sí 8 ni kí ẹ fi gbé e, ínǹṣì 16 láti àárín ọ̀kan sí àárín èkejì. Bí ẹ bá lo 2 sí 6, ilẹ̀ á máa fì bí ẹni gun afárá. Ibi tí orí igi ti wọ inú ògiri ni ikán ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí Solignum, oògùn ikán tí à ń kùn sára igi, pọ̀ sí jù. Pákó oní-ínǹṣì kan, ìṣó ínǹṣì méjì ààbọ̀, méjì méjì lórí igi kọ̀ọ̀kan.

Apá ni mo fọwọ́ sí jù, torí kì í sábà wú tàbí sún kì bí igi yòókù. Ìrókò náà dára, ṣùgbọ́n ẹ gé ara funfun etí rẹ̀ dànù, inú rẹ̀ tó pọ́n nìkan ni ikán ń bẹ̀rù. Arère kì í ṣe igi ilẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi owó pọ́ọ́kú tàn yín.

Pákó tútù ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Pákó oní-ínǹṣì 6 tí wọ́n kó láti ibi ìlagi lónìí tí wọ́n kàn án lọ́la, á sún kì tó mílímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún nígbà ọyẹ́. Àlàfo á ṣí láàárín wọn, ayálégbé òkè gbálẹ̀, eruku dà sọ́bẹ̀ ẹni ìsàlẹ̀. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kí ẹ fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín, kí ó rí ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá. Ẹ fi àlàfo ààbọ̀ ínǹṣì sílẹ̀ létí ògiri. Òjò ń bọ̀ wá mú un wú.

Èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun tí wọ́n ń pè ní laminate, ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fún pọ̀ ni inú rẹ̀. Bí omi bá wọ ojú ìrán rẹ̀, etí rẹ̀ á wú sókè, kò sì ní padà. Àwa tí à ń da omi sílẹ̀ ká tó fi ìgbálẹ̀ fọ ilé!

Alámòójútó ilé, Under G, Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá káfíńtà ti sọ ọ́ tán. Èmi á fi kan pé onílé kọ́ ló yẹ kó ra rọ́ọ̀gì rárá. Ẹni tó bá fẹ́ rọ́ọ̀gì á tẹ́ tirẹ̀, á ká a lọ lọ́jọ́ tó bá ń kó jáde. Bó bá jẹ́ ti onílé, gbogbo ayálégbé tó bá jáde ló máa dá ìjà sílẹ̀ lórí owó kọ́ṣọ̀n: ta ló da epo sí i, ta ló fi áyọ́ọ̀nù jó o? Kò sẹ́ni tó máa jẹ́wọ́.

Bó bá wá jẹ́ táìlì lẹ fẹ́ tẹ́ dípò méjèèjì, ohun tí ń fọ́ ọ nílé àwọn ayálégbé, odó ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ìta ni wọn yóò ti máa gún iyán. Kì í ṣe kí ẹ kàn sọ ọ́ lẹ́nu.

Onítáìlì, Ọjà Ọba, Ògbómọ̀ṣọ́

Ká ṣírò ó. Yàrá kan jẹ́ mítà onígun 13.4. Páálí táìlì 60 sí 60 tó ní ẹyọ mẹ́rin jẹ́ 1.44. Bí a bá fi ìdá mẹ́wàá kún un fún gígé àti fífọ́, yàrá kan á gba páálí 11. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra ti yàrá mẹ́jọ pọ̀, 82 ló máa jẹ́, kì í ṣe 88. Ẹ fi páálí mẹ́ta kún un, kí ẹ tì í mọ́lé. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà; bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọ̀ á yàtọ̀ síra.

Ẹ da omi díẹ̀ sẹ́yìn táìlì. Bó bá fà á mu wàràwàrà, ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, títí kò fi ní yọ ìfófòó mọ́. Bí omi bá kàn dúró lórí rẹ̀, ẹ má rẹ ẹ́, sìmẹ́ǹtì lásán ò sì ní dì í mú dáadáa; gọ́ọ̀mù táìlì ni kí ẹ lò.

Ọ̀rọ̀ odó yẹn, òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀bi odó nìkan. Àwọn kan máa ń fi sìmẹ́ǹtì sójú márùn-ún lẹ́yìn táìlì bí ẹni ń bu ẹ̀kọ, abẹ́ rẹ̀ á ṣófo. Ẹ fi ìka kàn án níbi gbogbo lọ́jọ́ kejì. Èyí tó bá ń dún kókó, kí ẹni tó tẹ́ ẹ tú u, kí ó tó gba owó. Ẹ má sì jẹ́ kí ó to wọ́n mọ́ra pinpin. Àlàfo mílímítà méjì tàbí mẹ́ta láàárín wọn, márùn-ún létí ògiri lábẹ́ sìkẹ́tìn. Bí kò bá sí i, lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, táìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀ á gbéra sókè bí àgọ́, á dún bí ìbọn.

Ìbéèrè, láti Àrójẹ

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti tẹ́ nílọ́ọ̀nù sí yàrá mẹ́ta. Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ báyìí.

Bíríkìlà, Sábó

Ó dára. Ẹ tẹ́ ọ̀kan sí èyí tó sún mọ́ kànga jù náà.