Ọkọ̀ Elio olówó $6,800: kí ló dì í lọ́wọ́ tí kò fi dé ọjà?

Ọmọ_Àgbẹ̀dẹ

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará. Elio Motors ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí Paul Elio dá sílẹ̀ ní Phoenix, Arizona, ní 2009. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ náà, èèyàn méjì ló ń gbà, ẹnì kan níwájú, ẹnì kejì lẹ́yìn rẹ̀. $6,800 ni wọ́n ní àwọn máa tà á, wọ́n sì ní gálọ́ọ̀nù epo kan á gbé e rin máìlì 84 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ibi tí General Motors (GM) ti ń ṣe ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ní Shreveport, Louisiana, ni wọ́n fẹ́ lò. Nǹkan bí 65,000 èèyàn ló forúkọ sílẹ̀. Síbẹ̀ 2014 kọjá, 2015 kọjá, 2016 kọjá, títí di òní ọkọ̀ kan ò tíì dé ọwọ́ oníbàárà.

Ohun tó ń rú mi lójú ni pé ọkọ̀ kékeré ni. Kí ló ń jẹ owó nínú rẹ̀? Ṣé ẹ́ńjìnnì ni, àbí òfin, àbí ilé-iṣẹ́ Shreveport yẹn?

Dáì_àti_Jíígì

Ọkọ̀ gan-an kọ́ ló wọ́n. Irinṣẹ́ tí wọ́n á fi ṣe é lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, tí gbogbo rẹ̀ á rí bákan náà, ló wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlẹ̀kùn kan péré. Páánù ìta rẹ̀ kì í ti inú ẹ̀rọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Dáì àkọ́kọ́ (dáì ni mọ́ọ̀dù irin tí ẹ̀rọ fi ń tẹ páánù) á tẹ̀ ẹ́ kó gba ìrísí, èkejì á gé etí rẹ̀ dànù, ẹ̀kẹta á ká etí yẹn wọnú, ẹ̀kẹrin á lu ihò ibi tí ọwọ́ ìlẹ̀kùn máa gbà. Irin tó wúwo ní tọ́ọ̀nù ni dáì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ tán, iṣẹ́ ò tíì parí: wọ́n á tẹ páánù kan, wọ́n á wo ibi tó ti ya tàbí tó ti hunjọ, wọ́n á ha dáì níbẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún tẹ òmíràn. Oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe èyí. Páánù inú ìlẹ̀kùn ní dáì tirẹ̀. Jíígì tó máa di méjèèjì mú kí wọ́n tó jó wọn pọ̀ tún wà níbẹ̀, pẹ̀lú dígí, rọ́bà etí, ìdè àti àgádágodo.

Ìdí nìyẹn tí Elio fi ní ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo, lápá òsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn bu ẹnu àtẹ́ lu ìyẹn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, nínú gbogbo ìpinnu wọn, kò sí èyí tó mọ́gbọ́n dání tó o. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí, ìlọ́po kan ni wọ́n yọ kúrò.

Ní ti Shreveport, Hummer H3 àti Chevrolet Colorado ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kí GM tó ti ibẹ̀ pa ní 2012. Èèyàn lè tún róbọ́ọ̀tì kọ́ níṣẹ́ tuntun. Àmọ́ jíígì àti dáì ọkọ̀ kan kò wúlò fún òmíràn. Ẹni tó bá gba irú ilé bẹ́ẹ̀, òrùlé, iná mànàmáná àti ẹ̀rọ ńláńlá ló gbà. Ohun tó máa sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ Elio, ó ṣì máa rà á ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ àpẹẹrẹ tí wọ́n ń gbé kiri níbi ìpàtẹ tàn yín. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí dáì tí kò le, tí kò lè tẹ páánù púpọ̀ kó tó jẹ. Ọ̀nà jìn gan-an láàárín ọkọ̀ márùn-ún tó ń rìn àti ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó bára mu.

Akọ̀wé_Owó

Dáì_àti_Jíígì ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n fi iye owó kún un.

Nínú ìwé tí wọ́n fi sọ́wọ́ ìjọba, Elio kọ ọ́ pé àwọn ṣì nílò nǹkan bíi 376 mílíọ̀nù dọ́là kí ọkọ̀ tó lè jáde. Ètò wọn ni pé bí iṣẹ́ bá gbóná, 250,000 ọkọ̀ ni wọ́n á máa ṣe lọ́dún. Ẹ pín owó yẹn sórí ọkọ̀ ọdún kan: ó lé díẹ̀ ní $1,500 lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 50,000 péré ni wọ́n rí tà, ó di $7,520 lórí ọkọ̀ kan, ìyẹn sì ti ju iye tí wọ́n fẹ́ ta ọkọ̀ gan-an lọ, kí a tó ra táyà, kí a tó sanwó òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ $80,000 lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún méjì ọkọ̀. Ẹni tó ń ta $6,800 gbọ́dọ̀ tóbi láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí ọ̀nà míì.

Owó ìforúkọsílẹ̀ ńkọ́? Láti $100 dé $1,000 ni wọ́n ń gbà nígbà náà. Ká tiẹ̀ ní gbogbo 65,000 ló san $1,000, mílíọ̀nù 65 ni. Kò tó ìdá márùn-ún ohun tí wọ́n nílò. Ìpín ìdókòwò tí wọ́n tà fún aráàlú lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Regulation A, tó parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, $12 ni ẹyọ kan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 17 ló wọlé. Wọ́n ń retí ẹ̀yáwó láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, kò bọ́ sí i.

Àwọn tó ń ṣe páàtì ọkọ̀ fún wọn náà kì í dúró de ìlérí. Ilé-iṣẹ́ tuntun tí kò ní ìtàn, owó dáì ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan irin.

Písítìnì_Mẹ́ta

Ẹ fojú kéré ẹ́ńjìnnì díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì Geo Metro àtijọ́, tí Suzuki ṣe, ló wà nínú ọkọ̀ àpẹẹrẹ wọn níbẹ̀rẹ̀. Wọn ò ṣe é mọ́, nítorí náà wọ́n gbé iṣẹ́ fún IAV, ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan, láti ya tuntun: 0.9 lítà, sìlíńdà mẹ́ta. 2015 ni wọ́n fi àkọ́kọ́ rẹ̀ han aráyé. Ẹ́ńjìnnì tuntun túmọ̀ sí mọ́ọ̀dù tuntun fún búlọ́ọ̀kù àti orí ẹ́ńjìnnì, ṣáàfù tuntun, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí lórí ẹ̀rọ ìdánwò, lẹ́yìn náà ìwé ẹ̀rí èéfín láti ọ̀dọ̀ EPA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká. Ilé-iṣẹ́ tí kò lówó ì bá wá ẹ́ńjìnnì tí ẹlòmíràn ń ṣe lọ́wọ́ rà, bí máìlì 84 yẹn bá tiẹ̀ máa di 70. Ibẹ̀ ni mo gbà pé wọ́n ti ṣìnà.

Òfin kò le tó bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ju mẹ́ta lọ, alùpùpù ni lójú òfin ìjọba àpapọ̀, nítorí náà kò pọn dandan kó yege ìdánwò ìfarakọlù tí mọ́tò ń ṣe. Àmọ́ alùpùpù ń bá wàhálà tirẹ̀ wá: àwọn ìpínlẹ̀ kan á ní kí awakọ̀ dé akoto, kó sì gba láísẹ́ǹsì alùpùpù. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní láti bẹ̀ kó tún òfin rẹ̀ ṣe, ọ̀pọ̀ sì ṣe é.

Ẹ má fi kẹ̀kẹ́ Márúwá wò ó o. Ẹsẹ̀ kan ni Márúwá ní níwájú. Bí ó bá ń yà tó sì tẹ bíréèkì, ìwúwo á dà sí igun iwájú tí kò sí táyà kankan lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ló ń mú un dojú dé. Méjì ni Elio ní níwájú.

Ọmọ_Àgbẹ̀dẹ

Ẹ ṣeun gan-an. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Aptera náà ń ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oníbátìrì, wọ́n sì ń gba owó ìforúkọsílẹ̀. Kí ni kí èèyàn wò kó tó san owó fún irú wọn?

Akọ̀wé_Owó

Ẹ lọ sórí EDGAR, ibi tí SEC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó títa ìpín ìdókòwò, ń kó ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi àwòrán. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ iye owó tó wà lọ́wọ́ àti iye tó kù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ayẹ̀wéowówò kọ ọ́ pé iyèméjì ńlá wà bóyá ilé-iṣẹ́ náà lè máa bá iṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí owó ìforúkọsílẹ̀ wà. Bí kò bá sí ní àpò ọ̀tọ̀ tí wọn ò lè ná, tí ilé-iṣẹ́ bá wó, ẹni tó yá wọn lówó tó sì gba ẹ̀rọ wọn ní ìdúró ló máa kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ̀yin máa wà.

Dáì_àti_Jíígì

Ẹ fi ìbéèrè kan kún un: dáì mélòó ni wọ́n ti sanwó rẹ̀ tán? Bí wọ́n bá dá ọjọ́ tí ọkọ̀ máa jáde, tó sì kù díẹ̀ sí ọdún kan, àmọ́ tí wọn ò tíì rí owó dáì san, ẹ yé ka ọjọ́ yẹn sí.