Ojú-àpá ni ìbò mi: lórí orúkọ tí a fẹ́ fún àwọn eré onísáyẹ́ǹsì orí tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀ffà mú wá, mo sì ti ka èsì tó tẹ̀lé e. Nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa níbẹ̀, ohun tí ẹ̀gbọ́n wí ni pé kí a pín eré onísáyẹ́ǹsì orí tẹlifíṣọ̀n sí ọ̀nà méjì: kí a pe èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín ní "eré yẹ̀yẹ́ òfurufú", kí a sì pe èyí tí ìyà, ìdọ̀tí àti ikú pọ̀ nínú rẹ̀ ní "eré òótọ́ òfurufú". Àbúrò wa kan ní Tánkẹ̀ ní kí a fi "òótọ́-korò" rọ́pò "òótọ́" lásán, ẹlòmíràn sì gbè é lẹ́sẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Orúkọ tí a bá sọ nǹkan lónìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá wọn lọ́la, wọ́n á sì rò pé bí nǹkan náà ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ti "òfurufú" kò ní pẹ́ rárá. Òfurufú ni ẹyẹ àti bàálù ń gbà. Ibi tí ọkọ̀ inú àwọn eré yìí ń lọ jìnnà ju ìyẹn lọ, àwọn kan ń pè é ní gbalasa òfurufú, ìyẹn náà dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ eré onísáyẹ́ǹsì ni kì í kúrò lórí ilẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ní "eré onísáyẹ́ǹsì", ká kọjú sí ibi tí ìjà wà.

Ìjà wà lórí "yẹ̀yẹ́". Ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ló bú. Ẹni tó bá mi dápàárá, a jọ rín in ni. Àwàdà ní tirẹ̀ ju àpárá lọ, nítorí iṣẹ́ ni: ó ní aláwàdà, ó ní àwọn tó jókòó ń wò ó, ó sì ní ohun tí aláwàdà fẹ́ kí wọ́n mú lọ sílé. Ẹ̀fẹ̀ wá ńkọ́? Òru Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Kétu. Wọ́n á júbà àwọn ìyá, wọ́n á ṣàdúrà fún ìlú, lẹ́yìn náà ni orin á wá máa tú àṣírí oníwàkiwà, tí gbogbo agbo á máa rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò sọ pé òótọ́ ò sí níbẹ̀? Nílé wa níbí, ẹni tó bá ti jókòó níbi ìnáwó ní Ìlọrin tí àwọn onídàdàkúàdà ń kọrin mọ̀ pé ẹnu tó ń ki olówó náà ló ń gún ahun lábẹ́rẹ́, ó sì lè jẹ́ inú orin kan náà. Bàbá Sálà, Moses Ọláìyá tó kú ní 2018, gbé awò ńlá tí kò ní gíláàsì sójú, ó so táì ọrùn ràgàjì, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Kí la rí lábẹ́ ẹ̀rín náà? Àìlówó, ìwọra, àti bí ọmọ aráyé ṣe ń rẹ́ ara wọn jẹ. Yorùbá kò fi ìgbà kankan rí àwàdà bí ohun tó dojú ìjà kọ òótọ́. Àbá ẹ̀gbọ́n wa ni yóò kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn eré náà fúnra wọn.

Red Dwarf, eré àwàdà nípa ọkọ̀ kan tó ń rin gbalasa òfurufú, bẹ̀rẹ̀ lórí BBC ní oṣù kejì ọdún 1988. Rob Grant àti Doug Naylor ló kọ ọ́. Lister wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tó kéré jù nínú ọkọ̀ ńlá kan. Ó ṣẹ̀, wọ́n fi í sínú yàrá kan tí àkókò kì í ti kọjá lára ẹni. Ìtànṣán olóró tú jáde nínú ọkọ̀, gbogbo àwọn tó kù sì kú. Ọdún mílíọ̀nù mẹ́ta kọjá kí kọ̀ǹpútà tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó jáde, ó ní àwọn èèyàn dà. Kọ̀ǹpútà ní wọ́n ti kú. Ó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó ti kú. Ó dárúkọ ẹlòmíràn. Òun náà ti kú. Bẹ́ẹ̀ ló ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èsì ò yí padà. Eruku funfun wà káàkiri, ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò, ó sì wá gbọ́ pé òkú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ṣùgbọ́n ẹ tún un rò: ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù, ó jìnnà sílé débi tí ilé ò fi ní ìtumọ̀ mọ́, ó sì ti fi ẹnu kan òkú. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni. Èdè wa ti ní orúkọ fún irú rẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá pe èyí ní yẹ̀yẹ́ kò fetí sí ohun tó ń wò.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ń ba "eré òótọ́" jẹ́. Àwọn tó kọ Red Dwarf fi í ṣe òfin pé kò ní sí ẹ̀dá abàmì láti ayé mìíràn nínú rẹ̀. Ohunkóhun tí Lister bá pàdé, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló ti wá níbẹ̀rẹ̀. Battlestar Galactica, eré nípa ìwọ̀nba ọmọ ènìyàn tó kù tí wọ́n ń fi ọkọ̀ sá fún ọ̀tá, tí gbogbo wa gbà pé kò ní ẹ̀rín lẹ́nu, kún fún ìran rírí, àsọtẹ́lẹ̀ àti ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Bí òótọ́ bá jẹ́ òṣùwọ̀n, èwo nínú méjèèjì ló sún mọ́ ọn jù?

Àní nínú Star Trek àtijọ́, eré ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1966, apá kan wà tí David Gerrold kọ, tí wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́ ní oṣù kejìlá 1967. Ẹran onírun kékeré kan ń bí ọmọ láìdáwọ́ dúró títí wọ́n fi kún inú ọkọ̀, wọ́n wọ inú àká ọkà, wọ́n sì ń dà lu ọ̀gá ọkọ̀ lórí. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ikú àwọn ẹran náà ni wọ́n fi mọ̀ pé ẹnì kan ti fi májèlé sínú ọkà tí odindi àwùjọ kan fẹ́ gbìn, igbe wọn ló sì tọ́ka sí amí tó ṣe é. Ibi tí wọ́n ti ń ṣàwàdà gan-an ni wọ́n ti mú ọ̀daràn.

Nítorí náà, bí àwàdà bá lè gbé òótọ́, tí eré tó fajú ro náà sì lè gbé ìran rírí, ohun tó ya àwọn eré yìí sọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan mìíràn. Èmi gbà pé àpá ni.

Star Trek: Voyager, láti 1995 sí 2001, ni n óò fi ṣàlàyé. Ọkọ̀ kan ṣìnà, ó wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi 70,000 ọdún rìn kó tó dé ilé. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè tún un ṣe, kò sí ẹni tó máa kó nǹkan wá fún wọn. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ohun ìjà ńlá 38 ló kù, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè wá òmíràn. Wọ́n ta ju 38 lọ kí eré tó parí. Ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀tá á fọ́ ọkọ̀ mọ́ wọn lórí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó á tún máa dán. Ìyá mi àgbà kan ní Òmù-Àrán bá wa jókòó wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ rẹ̀ ti wa tírélà gba ọ̀nà Jẹ́bà fún ọdún púpọ̀. Màmá wo ọkọ̀ náà dáadáa, wọ́n ní, "Ta ló ń bá wọn kùn ún?" Wọn ò béèrè bóyá ọkọ̀ lè fò kọjá ìràwọ̀, wọ́n gba ìyẹn bí ìtàn ṣe sọ ọ́. Ohun tí wọn ò gbà ni pé ọkọ̀ rin irú ìrìn yẹn tí ara rẹ̀ ò sọ ọ́.

Irú ẹ̀hónú yìí kan náà ni Ronald D. Moore ní. Ó ti kọ Star Trek fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó ṣiṣẹ́ lórí Voyager fún ìgbà díẹ̀ ní 1999, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó tún Battlestar Galactica ṣe ní 2003, ó gbé e ka orí ohun tí Voyager kọ̀ láti ṣe. Apá tí wọ́n pè ní "33" ló fi ṣí eré ọ̀sẹ̀-dọ́sẹ̀ rẹ̀ ní 2004. Lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 33 ni àwọn ọ̀tá ń dé, fún ọjọ́ márùn-ún, kò sì sí ẹni tó sùn. Irùngbọ̀n ti hù lójú àwọn ọkùnrin, ojú wọn ti pọ́n, wọ́n ń fi oògùn gbé ara wọn ró. Ààrẹ wọn ní pátákó funfun kan tó ń kọ iye ọmọ ènìyàn tó kù sí, kò sì pé 50,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàṣẹ fún àwọn awakọ̀ òfurufú wọn pé kí wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ èrò kan tó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn nínú, nítorí wọ́n fura pé òun ló ń mú ọ̀tá tọ̀ wọ́n wá. Wọ́n yìn ín. Ní 2007, nígbà tí Lee Adama, ọ̀kan nínú àwọn tó yìn ín, dúró ní ilé ẹjọ́ láti sọ̀rọ̀ nípa ìdáríjì, ó dárúkọ ọkọ̀ yẹn, ó sì kà á mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún méjì tí àwa òǹwòran ti rí i. Kò jinná lára rẹ̀.

Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ibí ni mo ti mú orúkọ mi: "eré ojú-àpá". Eré tí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ti hàn lára ènìyàn, lára ọkọ̀ àti lára ìlú lónìí, eré ojú-àpá ni, ẹ̀rín wà níbẹ̀ o, ẹ̀rín ò sí níbẹ̀ o. Voyager kì í ṣe àwàdà, àpá sì ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀. Red Dwarf jẹ́ àwàdà, àdánìkanwà Lister kò sì kúrò lára rẹ̀ rí. A lè pè é ní àwàdà ojú-àpá láìsí wàhálà. Ẹ tún wo The Orville tí Seth MacFarlane bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Ẹ̀fẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2022, ẹ̀rọ kan tó dalẹ̀ wọn padà sáàárín wọn, àwọn tó pàdánù ẹbí wọn kò lè wojú rẹ̀, títí ẹ̀rọ náà fi pa ara rẹ̀. Pẹ̀lú ìpín "yẹ̀yẹ́" àti "òótọ́", a ní láti yọ eré yìí kúrò nínú àpótí kan sọ sínú èkejì. Pẹ̀lú ojú-àpá, àpá dé bá a ni, àwàdà rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Mo ti ronú nípa "eré afojúwiná" náà, ó sì dùn lẹ́nu. Ohun tó mú mi jù ú sílẹ̀ ni pé fífojú winá nìkan ò tó. Fíìmù ilé wa kún fún ẹni tó ń fojú winá, tó ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí gbogbo nǹkan á sì tò padà ní ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyà wà níbẹ̀, àpá ni kò sí.

Ẹ̀gbọ́n lè sọ pé ojú-àpá kò kan iná tó ṣókùnkùn, aṣọ tó dọ̀tí àti kámẹ́rà tó ń mì lọ́wọ́ ayàwòrán. Ó kàn wọ́n. Ìdọ̀tí ara aṣọ ni pé a ti wọ aṣọ náà ṣiṣẹ́. Bí eré bá kàn pa iná kó lè dà bí ẹni tó mọ̀yà, tí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú òkùnkùn náà ò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni dé ọ̀sẹ̀ kejì, èmi ò ní pè é ní ojú-àpá. Mo fẹ́ kí orúkọ wa lè ṣèdájọ́ yẹn, kó má kàn máa ka àwọ̀ aṣọ.

Ẹ̀hónú tó kù ni pé kò dún bí ọ̀rọ̀ ìwé. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin níbí ṣe olótùú apá kejì, wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ ṣí i, ẹ wo èyí tó dúró lẹ́nu àwọn olùkọ́ nínú àwọn ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Èyí tó gùn bí àlàyé kì í pẹ́ níta. Ẹ sì rántí "asọ̀rọ̀mágbèsì". Ta ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ rédíò bẹ́ẹ̀? Ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì bá rédíò mu láìkù síbì kan: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ọ̀rọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín, tó tún jẹ́ òótọ́, ló borí gbogbo ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ì bá tò jọ. Ó yẹ kí àwa tó ń wá orúkọ fún eré ronú sí i.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: ẹ jẹ́ ká ju "yẹ̀yẹ́" nù pátápátá, ká yọ "òótọ́" àti "òótọ́-korò" kúrò nínú orúkọ ẹ̀yà eré, ká fi "àwàdà" sílẹ̀ fún ohùn tí eré fi ń sọ̀rọ̀, ká sì gba "ojú-àpá" fún ohun tí mo ti ṣàlàyé. Mi ò tíì rí orúkọ fún àṣà Voyager yẹn, pé kí ohun gbogbo padà sípò kí ọ̀sẹ̀ tó pé. "Ajinná-mọ́jú" ló wá sí mi lọ́kàn, ìyẹn ọgbẹ́ tó san kí ilẹ̀ tó mọ́, àmọ́ ó lè dún létí àwọn kan bí orúkọ oògùn. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó gbé e wá pẹ̀lú eré kan tó bá a mu.