Owó inú àwo ni, kì í ṣe iye oúnjẹ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni ká máa pe owó tó ti wọ inú oúnjẹ kí ó tó dé iwájú oníbàárà, pàápàá irú oúnjẹ tí oníbàárà fúnra rẹ̀ ń yan ohun tí wọn yóò bù pọ̀ fún un. Ẹnìkan dábàá "iye oúnjẹ", ẹlòmíràn ní ká sọ pé "owó ìdáná". N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìdí rẹ̀ sì rèé.

Ẹ jẹ́ ká fi "iye" ṣáájú. Bí Yorùbá bá fẹ́ béèrè owó, "èló" ló ń lò. Bó bá jẹ́ òǹkà ló fẹ́ mọ̀, á ní "mélòó". Ọmọdé pàápàá kì í ṣì wọ́n lò. Ṣùgbọ́n bí gbólóhùn bá ti di "mo mọ iye tó jẹ́", ìyàtọ̀ ti pòórá: ṣé iye owó ni àbí iye àwo? Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé bí oníbàárà bá rí "iye oúnjẹ" lára ìwé, owó tí òun máa san ni yóò kà á sí, nígbà tí alásè ń fi í wá owó tí òun ti ná. Ohun méjì tó jẹ́ pé àárín wọn gan-an ni èrè wà la wá fẹ́ sọ ní orúkọ kan ṣoṣo. "Owó oúnjẹ" náà kò gbà wá, nítorí owó tí èèyàn fi sílẹ̀ kí ará ilé rí nǹkan jẹ ni gbogbo wa ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Ti "owó ìdáná" dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ yọ àmì ohùn kúrò, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe lórí fóònù, ẹni tó ń kà á yóò rí owó ìdána, ti ìyàwó. Ìtumọ̀ rẹ̀ tún fẹ̀ jù. Ìdáná, dídá iná ni: gáàsì wà níbẹ̀, owó iṣẹ́ alásè wà níbẹ̀. Èròjà nìkan ni ìṣirò tí à ń sọ yìí kàn.

Orúkọ tí mo mú wá ni "owó inú àwo". Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò fi ojú inú rí àwo, yóò sì mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ni à ń ṣírò. Gáàsì kò sí nínú àwo. Owó oṣù kò sí nínú àwo. Ẹnìkejì rẹ̀ ni "iye títà", tí ọlọ́jà kankan kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Bí owó inú àwo bá jẹ́ 600 tí iye títà sì jẹ́ 2,000, a ó ní owó inú àwo kó 30 nínú 100 iye títà. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ló ń fẹ́ kí òǹkà yìí wà láàárín 28 sí 35.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti ìwọ̀n. Mo ti jókòó ti ẹni tó ń gé ẹran rí, òṣùwọ̀n wà níwájú rẹ̀. Kílò 10 ló gbé kalẹ̀. Nígbà tó yọ egungun àti ọ̀rá tí wọn kò ní lò tán, 8 ló kù. Wọ́n gbé e sórí iná. Nígbà tó jinná tí wọ́n tún un wọ̀n, òṣùwọ̀n ka 6. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹran náà láàárín.

Àwọn kan fẹ́ ká pe kílò 4 tó lọ yẹn ní "àdánù". Ọ̀rọ̀ náà wúwo jù fún un. Ẹran tó bàjẹ́ nínú fíríìjì ni àdánù, èyí tó jóná náà ni. Ohun tí alásè ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé yóò lọ, ìdínkù ni, ó sì yẹ ká ya "ìdínkù ọ̀bẹ" sọ́tọ̀ sí "ìdínkù iná", torí ẹni tó bá fẹ́ ṣàtúnṣe gbọ́dọ̀ mọ èyí tí òun ń bá wí nínú méjèèjì. Síbẹ̀, ìdínkù nìkan kò lè gbé gbogbo ìṣirò. Ìrẹsì kì í dín kù, wíwú ló ń wú: kílò kan tó gbẹ lè di kílò méjì àbọ̀ bó bá ti fa omi mu tán. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ fún "ìwọ̀n rírà", ohun tí òṣùwọ̀n kà nígbà tí a rà á, àti "ìwọ̀n jíjẹ", ohun tó kà nígbà tó jinná tán. Bí a bá fi ìwọ̀n rírà pín ìwọ̀n jíjẹ, ohun tó jáde ni ká pè ní "ìpín jíjẹ". Ti ẹran yẹn jẹ́ 60 nínú 100. Ti ìrẹsì kọjá 200 dáadáa.

Ẹ wo ohun tí orúkọ lè fà. Ká ní 3,000 ni wọ́n ra kílò ẹran kan. Ẹni tí "àdánù 40" wà lórí ahọ́n rẹ̀ yóò fi 40 nínú 100 kún 3,000, yóò ní 4,200. Kò rí bẹ́ẹ̀. 30,000 ló ná lórí kílò 10, kílò 6 ló sì rí bù fún èèyàn: 5,000 ni kílò kan. 800 ti bọ́ sọnù lórí kílò kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ẹni tó bá ní "ìpín jíjẹ" lọ́wọ́ yóò fi 60 nínú 100 pín 3,000, yóò sì dé ibi tó yẹ.

Ó wá ku oúnjẹ tí oníbàárà ń yàn fúnra rẹ̀. Wọ́n dábàá "oúnjẹ àṣàyàn". Ó dára létí, ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé "àṣàyàn ewì", ẹnìkan ti bá wa ṣà á kí ó tó dé ọwọ́ wa. Oníbàárà yìí ni yóò ṣà á fúnra rẹ̀, yóò sì kó o pọ̀. Mo dábàá "oúnjẹ àyànpọ̀", bí àkópọ̀ àti àdàpọ̀ ti rí. Kí "àṣàyàn" wá jẹ́ ti ohun kọ̀ọ̀kan tí a tẹ́ sílẹ̀ fún un láti yàn. Mo mọ̀ pé bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, "yàn" lè di "yan", bí ẹni ń yan ẹran, ìbáwí tí mo fi kan ìdáná sì lè padà kàn mí. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé owó ìdána ti wà lẹ́nu gbogbo èèyàn tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ojú òǹkàwé yóò kọ́kọ́ lọ. Kò sí ẹni tó ń sọ pé òun yan nǹkan pọ̀.

Àyànpọ̀ kì í jẹ́ kí àwo kan ní owó kan. Ìpìlẹ̀ kan, irú bí ìrẹsì, láti inú 3, ọ̀kan nínú ẹran, adìẹ àti ẹyin, ọbẹ̀ 2 láti inú 6: oríṣi àwo 135 nìyẹn. Kò sí alásè tó máa jókòó ṣírò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àròpín ni a ń lò, à-rò-pọ̀-ká-tó-pín. N kò fẹ́ "agbedeméjì" níbí, torí ohun tó wà ní àárín gbùngbùn ló ń tọ́ka sí, owó yìí kì í sì í sábà dúró síbẹ̀. Bí ẹran bá jẹ́ 300, adìẹ 200, ẹyin 100, àròpín lásán yóò sọ pé 200. Ṣùgbọ́n bí 50 nínú oníbàárà 100 bá yan ẹran, tí 30 yan adìẹ, tí 20 yan ẹyin, 230 ni. Èyí ni mo pè ní "àròpín olóǹkà": ó ka àwọn tó yàn, kì í ṣe ohun tí wọ́n yàn nìkan. 30 lórí àwo kan dà bí ohun kékeré. Lórí àwo 100, ó di 3,000.

Àwọn kan máa ń fi èyí tó wọ́n jù ṣírò gbogbo rẹ̀, kí wọ́n má bàa ṣòfò. Ọgbọ́n ni, àmọ́ kò nílò orúkọ tuntun.

Ohun tí oníbàárà bá ní kí wọ́n fi sí i, tó sì san owó rẹ̀, "àfikún" ni. Èyí tó ní kí wọ́n má fi sí i, "àyọkúrò". Ẹ fara balẹ̀ síbí o. Ẹni tó ní òun kò jẹ àlùbọ́sà, ìwé yóò kọ àyọkúrò, owó inú àwo yóò sì lọ sílẹ̀ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ alásè. Ó rí i pé ojú àwo ṣófo, ó sì da ọbẹ̀ díẹ̀ sí i kí ó lè kún. Àyọkúrò ti di "àfidípò", ìwé kò sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà.

Èyí tó kẹ́yìn, a kò ní láti dá a sílẹ̀ rárá. Ohun tí ilé oúnjẹ bá fi kún àwo láìgba kọ́bọ̀, bóyá nítorí wọ́n kéde rẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni, bóyá nítorí ìgbákọ kún ju bó ti yẹ lọ, "èènì" ni Yorùbá ń pè é láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo fẹ́ kí èènì ní ojú ìlà tirẹ̀ nínú ìṣirò, lábẹ́ àfikún. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ọ̀rọ̀ tó sàn ju "ìpín jíjẹ" lọ, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá, torí òun ló ṣì ń kọ mí lóminú nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí: "ìpín" ti ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.