Àbúrò mi kò fẹ́ buwọ́ lu ìwé oko kajú, ọjọ́ sì ń lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Táyé, Àjàṣẹ́
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò kì í gbé ọ̀rọ̀ ilé mi síta, ṣùgbọ́n èyí ti ju ohun tí mo lè dá gbé lọ. Oorun ò kùn mí láti ìjẹta.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni, ọmọ ìyá mi. Èmi ni mo tọ́ ọ. Nígbà tí bàbá wa kú ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ kékeré ni, èmi ni mo mú un wá sí Àjàṣẹ́. Inú aṣọ tí mò ń tà ní ọjà Wàńdò ni mo ti ń yọ owó ilé ìwé rẹ̀. Nígbà tó gba bákì, mo pa ewúrẹ́. Nígbà tó wọlé sí Dangbo láti ka físíìsì, èmi ni mo ra kọ̀ǹpútà fún un, kọ̀ǹpútà ọ̀hún ló fi ń kọ̀wé sí mi lónìí pé òun ò ní buwọ́ lùwé. Látìgbà tó ti gbéyàwó, oṣù kan lè kọjá kó má pè mí. Nígbà iléyá tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú mi lóòró gangan, kò kúnlẹ̀. Mo dákẹ́.

Ní báyìí, Ọlọ́run fi ọ̀nà kan hàn mí. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa kọ̀ǹpútà quantum, èyí tí wọ́n ń pè ní quantique lédè Faransé. Wọ́n ní kò sí iṣẹ́ tí kò ní dé, báǹkì o, oògùn o, ọkọ̀ òfuurufú o. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ báyìí, bí ẹni tó ra ilẹ̀ ní Kutọnu kí wọ́n tó la títì ló rí. Bàbá wa fi oko kajú kan sílẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, èmi àti àbúrò mi nìkan la ni ín. Ẹni tó fẹ́ rà á ti wà nílẹ̀, nínú owó rẹ̀ ni mo fẹ́ fi wọ ọ̀rọ̀ quantum yìí. Ọwọ́ àbúrò mi nìkan ló kù lórí ìwé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é," ló bá pa fóònù.

Kí ni mo lè ṣe kó buwọ́ lùwé kó tó di ọjọ́ Jímọ̀? Ṣé kí n pe ẹbí jọ ni, àbí kí n lọ sí kóòtù?

Alhaja Oníléèsì
Ìyàwó tí kò kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ, ẹ ò rí i pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ pe ẹbí. Ọmọ tí ẹ tọ́, ẹnu rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tó yín.

Bàbá Àgbẹ̀, Kétu
Ìyá Táyé, ẹ kú ìnira. Èmi ò mọ quantum, mo mọ oko. Ní 2011 mo ta igi tíìkì tí bàbá mi gbìn, mo fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ akérò. Wọ́n ní owó Kétu sí Kutọnu á máa wọlé lójoojúmọ́. Ọkọ̀ ọ̀hún ti di irin lẹ́yìnkùlé mi, adìẹ ló ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ẹni tó ra igi lọ́wọ́ mi ti gé e lẹ́ẹ̀mejì. Kajú ń so lọ́dọọdún. Ẹ má tà á.

Tísà, Pọ́bẹ̀
Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Kí á tó sọ ti kóòtù: kí ni ẹ fẹ́ rà gan-an? Ṣé ìpín nínú ilé iṣẹ́ ni? Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ńkọ́? Ta ló fẹ́ bá yín rà á, èló sì ni?

Ìyá Táyé, Àjàṣẹ́
Alhaja, Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Ẹ yé mi.
Bàbá Kétu, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kọ́ lèyí. Kì í ṣe ohun àhesọ. Google fúnra wọn ti ṣe ọ̀kan, ó wà nínú ìròyìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Calavi
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀, nítorí ẹ̀kọ́ yìí ni mò ń kọ́. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ, ẹni tó sọ pé quantum ń bọ̀ náà kò parọ́. Àkókò ni wọn ò sọ fún yín.

Kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ wa, 0 tàbí 1 ló fi ń ṣírò. Qubit, ìyẹn èyí tí ẹ̀rọ quantum fi ń ṣírò, lè di méjèèjì mú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì lè so ọ̀pọ̀ wọn mọ́ra. Àwọn ìṣirò kan wà tí èyí lè yanjú tí kọ̀ǹpútà lásán ò lè rí ìdí rẹ̀. Mo ní àwọn kan o, kì í ṣe gbogbo wọn. Àmọ́ qubit ò gba gbẹ̀rẹ́. Ooru bíńtín, ìgbọ̀nrìrì bíńtín, ó ti ṣìṣe. Irú tí Google àti IBM ń ṣe, inú fìríìjì tó tutù fẹ́rẹ̀ẹ́ dé −273°C ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Pasqal, ilé iṣẹ́ Faransé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2019, iná lésà ni wọ́n fi ń di átọ́ọ̀mù mú lójú kan.

Ní oṣù Kejìlá 2024, Google gbé ẹ̀rọ quantum tí wọ́n ń pè ní Willow jáde, qubit 105 ló ní. Wọ́n ní ó fi ìṣẹ́jú tí kò pé 5 ṣe ìṣirò kan tí kọ̀ǹpútà tó lágbára jù máa fi ọdún tó ju ọjọ́ orí àgbáyé lọ ṣe. Ariwo ta. Ṣùgbọ́n kò sí oníṣòwò kankan tó ń wá ìdáhùn ìṣirò yẹn, ìdánwò lásán ni. Ohun tó mú inú àwa dùn ni pé bí wọ́n ṣe ń kó qubit jọ kí wọ́n máa ṣọ́ ara wọn, àṣìṣe ń dín kù dípò kó máa pọ̀ sí i. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń wá ìyẹn. IBM ní 2029 ni òun máa gbé ẹ̀rọ tó ní qubit 200 tí ń tún àṣìṣe ara wọn ṣe jáde. Ìlérí ni, ẹ̀rọ náà kò tíì sí.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń gbìyànjú lóòótọ́. Ní 2019 Volkswagen fi ẹ̀rọ D-Wave ti Kánádà tọ́ bọ́ọ̀sì 9 sọ́nà ní Lisbon. Ní 2021 ilé iṣẹ́ oògùn Boehringer Ingelheim ti Jámánì bá Google ṣe àdéhùn ìwádìí. Báǹkì JPMorgan ní àwọn onímọ̀ tirẹ̀. Ìjọba Faransé sọ ní 2021 pé òun máa ná bílíọ̀nù 1.8 owó yúrò sí i. Ẹ wò ó dáadáa: owó ìwádìí ni gbogbo wọn ń ná. Wọn ò tíì máa pín èrè.

Ọ̀dọ́ Kutọnu
Ọ̀rẹ́ mi, ẹ má fi ẹ̀kọ́ dẹ́rù ba ìyá yìí. Ní oṣù Kìíní 2025, Jensen Huang, ọ̀gá Nvidia, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe èròjà kọ̀ǹpútà, sọ pé ó máa tó ọdún 15 sí 30 kí ẹ̀rọ quantum tó wúlò dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ìpín IonQ, ilé iṣẹ́ quantum kan, já wálẹ̀ bí ìdá 39 nínú 100. Ní oṣù Kẹta, òun kan náà ló jáde wá sọ pé òun ṣì í. Nígbà tó yá ní ọdún náà, ìpín náà tún gòkè. Ẹni tó rà á nígbà tó wálẹ̀ ti jèrè. Ẹ̀rù ló ń pa wá ní Benin.

Tísà, Pọ́bẹ̀
Ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ. Ẹnìkan ṣoṣo la ẹnu, ìdá 39 lọ lọ́jọ́ kan. Ṣé ibẹ̀ ni kí ìyá yìí gbé oko bàbá rẹ̀ lọ?
Màmá, ẹ kò tíì dá mi lóhùn. Kí ni ẹ fẹ́ rà?

Bàbá Àgbẹ̀, Kétu
Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé quantum yìí kan àgbẹ̀? Owó ajílẹ̀ ń pa wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Calavi
Ó kàn yín gan-an, Bàbá. Ooru àti agbára ńlá ni wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ nítírójìn ní ilé iṣẹ́, ìyẹn wà lára ohun tó mú un wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fa ẹ̀wà tu lóko yín, ẹ máa rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀. Kòkòrò tójú ò lè rí tó wà nínú kókó yẹn ń fa nítírójìn látinú afẹ́fẹ́ láìdáná rárá. Bó ṣe ń ṣe é ṣòro fún kọ̀ǹpútà lásán láti ṣírò. Àwọn onímọ̀ ń retí pé quantum á jẹ́ kí wọ́n mọ àṣírí rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọrọ̀ rẹ̀ wà fún ilẹ̀ wa. Kò ní ṣẹlẹ̀ ní ọ̀la.

Èyí tí wọn ò lè fi falẹ̀ ni ti àgádágodo. Láti 1994 ni Peter Shor, onímọ̀ ìṣirò kan, ti fi hàn pé ẹ̀rọ quantum tó bá tóbi tó máa já irú àgádágodo tí báǹkì fi ń ti ọ̀rọ̀ pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kẹjọ 2024, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà òṣùwọ̀n kalẹ̀, gbé àgádágodo tuntun mẹ́ta jáde. Gbogbo báǹkì ló máa pààrọ̀, bí ẹ̀rọ náà ò bá tilẹ̀ tíì dé, torí olè lè kó ọ̀rọ̀ pamọ́ lónìí kó wá ṣí i lọ́jọ́ iwájú. Bí ọmọ yín bá fẹ́ fi ìmọ̀ yìí jẹun, ẹ ní kó kọ́ ìyẹn.

Ìyá Táyé, Àjàṣẹ́
Ẹ ṣé, mo ti kà á. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló jẹ́ kó dá mi lójú pé òótọ́ ni nǹkan yìí. Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbéèrè há mi mọ́. Mi ò tilẹ̀ fẹ́ kó gbogbo owó oko sí i. 600,000 sẹ́fà péré ni mo nílò. Mo ti ní owó níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti di 3,400,000. Mo fẹ́ gbà á jáde ni, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san owó orí kó tó di Jímọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á tì í pa.

Tísà, Pọ́bẹ̀
Màmá. Ẹ dúró ná. Èló ni ẹ fi sí i? Ọ̀nà wo ni ẹ gbà san án?

Ìyá Táyé, Àjàṣẹ́
850,000. Mómò ni mo fi san án, sí nọ́ńbà ẹni tó ń darí wa. Orí fóònù ni mo ti ń wò ó bó ṣe ń gòkè. Wọ́n ní ẹ̀rọ quantum ló ń bá wa rà, tó ń bá wa tà, kò lè pàdánù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Calavi
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san kọ́bọ̀ kan mọ́. Kò sí ẹ̀rọ quantum kankan níbẹ̀. Iye tí ẹ ń wò yẹn, ẹni tó ṣe àpù náà ló ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ú. Èèyàn kì í kó owó wá láti ilé kó tó gba owó tirẹ̀. Owó orí tòótọ́, inú èrè ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Alhaja Oníléèsì
Ah! Gbájúẹ̀ ni! Ìyá Táyé, àgbàlagbà bíi tiyín! Kí ló dé tí ẹ kò sọ èyí látàárọ̀, tí mo fi ń bá yín bú ọmọ ọlọ́mọ?

Ọ̀dọ́ Kutọnu
Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ìpín ọjà gidi ni mo rò pé a ń sọ. Iṣẹ́ gayman, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì, lèyí. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ìyá Táyé, Àjàṣẹ́
Ẹ má pariwo lé mi lórí. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí mo gba 40,000 jáde, ó wọlé sórí fóònù mi, mo fi ra ìrẹsì. Gbájúẹ̀ wo ló ń fúnni lówó? Mo sì rí fídíò olówó Amẹ́ríkà kan tó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ̀gbọ́n, 40,000 yẹn, inú 850,000 yín ni wọ́n ti yọ ọ́. Fídíò, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí, ẹnu èèyàn á máa mì, ohùn rẹ̀ á jáde, kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní 2010, nígbà tí owó àwọn èèyàn wọmi ní gbogbo Benin lọ́wọ́ àwọn tó ṣèlérí èrè gọbọi, ìyá mi wà níbẹ̀. Wọ́n ti san èrè fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Èrè yẹn ló jẹ́ kó lọ yá owó kún un. Títí tó fi kú, kò wọ ọjà kí ojú má tì í. Kò sẹ́ni tó bú u bó ṣe ń bú ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀ fún yín.

Bàbá Àgbẹ̀, Kétu
Oko ṣì wà nílẹ̀. Ọmọ yẹn ló gbà á là.

Ìyá Táyé, Àjàṣẹ́
Ó kù ohun kan tí mi ò sọ. Nínú 850,000 yẹn, 500,000 kì í ṣe tèmi. Owó àjọ ni. Àwa obìnrin mẹ́wàá ni, ọwọ́ mi ló wà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ni ó kan Ìyá Ràífù láti kó o, ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo rò pé mo máa dá a padà kó tó di ọjọ́ náà, kí èrè sì kù.

Alhaja Oníléèsì
Ẹ jókòó, ẹ mu omi. Mo tọrọ gáfárà fún ohùn mi àárọ̀. Ìyá Táyé, lónìí ni kí ẹ sọ fún Ìyá Ràífù, ẹ má dúró de Àbámẹ́ta. Tí ẹ bá lọ bá a fúnra yín, bóyá ẹ lè rí owó iṣẹ́ abẹ ṣáájú, kí ìyókù máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Léèsì mi kan wà nílẹ̀, mo lè fún yín ní àwìn kí ẹ tà á.

Tísà, Pọ́bẹ̀
Ẹ ya fọ́tò gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ, nọ́ńbà, ọjọ́, iye owó. Ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ CNIN ní Kutọnu, àwọn ni wọ́n ń tọpa olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní tàn yín pé owó á padà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà Mómò ní ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún un. Tí ẹlòmíràn bá pè yín pé òun lè bá yín gba owó yín padà, tí ó ní kí ẹ san nǹkan, olè kan náà ni.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ sì pe àbúrò yín.

Ìyá Táyé, Àjàṣẹ́
Mo ti pè é. Mo rò pé yóò bú mi. Ó ní òun ti mọ̀ látọjọ́ tí mo sọ pé kò lè pàdánù, pé ìdí tí òun fi pa fóònù ni pé òun ò fẹ́ kí n gbọ́ bí òun ṣe ń sunkún. Ó ní òun àti ìyàwó òun ń bọ̀ láti Dangbo lálẹ́ yìí, ìyàwó rẹ̀ ní 120,000 lọ́wọ́ tó fẹ́ fi kún ti Ìyá Ràífù.

Ẹni yẹn tún ń pè mí báyìí, ìgbà kẹrin nìyí.

Tísà, Pọ́bẹ̀
Ẹ má gbé e, Màmá.