Ègé Ẹran Tí Kò Pé

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi bu oúnjẹ ní búkà kan ní Òkè-Fíà, níhìn-ín nílùú Òṣogbo, ohun tí mo sì fẹ́ sọ yìí, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ títí mo fi kúrò.

Àwọn oníbàárà kì í rí wa ní aago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí ẹnì kan ń bó ẹ̀wà gbẹ̀gìrì, tí ẹnì kejì ń já ewédú, tí ẹlòmíràn ń fi omi gbígbóná fọ ṣàkì, tí èéfín igi sì ń ta gbogbo wa lójú. Síbẹ̀, kì í ṣe àmàlà ríro ló le jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omorogùn ti sọ àtẹ́lẹwọ́ mi di èèpo igi. Ìgbákọ ọbẹ̀ ló le jù, nítorí ẹni tó bá dì í mú ló di èrè ọ̀gá mú.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n gógó nítorí pé Báńkì Àpapọ̀ ń pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọ̀gá wa, àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì sì lè má wọlé títí di ọjọ́ kejì. Bí kò ṣe lè fi owó mọ iye tí a tà mọ́, ó yíjú sí ẹran. Ó ń ka ègé kọ̀ọ̀kan kí a tó gbé e kaná, ó ń ka èyí tó kù lálẹ́, ó sì ń fi í wé iye abọ́ tí mo kọ sínú ìwé. N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tó ń ra èlùbọ́ àti ẹran lójoojúmọ́ kò lè fi ojú lásán díwọ̀n èrè.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ègé 11 ló dín. Ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé ni gbogbo ojú yí sí, nítorí òun ló kéré jù, ebi sì máa ń hàn lójú rẹ̀. Ọ̀gá kò bú u, kò nà án. Ó kàn ní kí ó máa tú àpò rẹ̀ lójú gbogbo wa kí ó tó lọ sílé.

Èmi sì mọ ibi tí ẹran ń gbà lọ. Awakọ̀ kan wà tó máa ń kì mí: “Àdùnní, ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ o!” Màá fi pọ́nmọ kan ṣe èènì fún un. Màmá àgbàlagbà kan wà tí owó rẹ̀ kì í tó. Màá fi ègé kan bọ abẹ́ àmàlà rẹ̀. N kò mú ẹyọ kan lọ sílé rí, nítorí náà n kò ka ara mi kún olè. (Ẹ̀yin tí ẹ ti bu oúnjẹ rí mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń yá bí wọ́n bá ń kì yín.)

Ọmọ náà tú àpò fún ọjọ́ mẹ́fà, ní ọjọ́ keje kò wá mọ́. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Ẹrẹ́nà pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́, tí owó bébà sì ń padà sígboro díẹ̀díẹ̀, ọ̀gá kò ka ẹran mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo bá ọmọbìnrin náà lórí àtẹ ata ní ọjà Ìgbọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wọn ata fún mi, ó sì fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì. Mo sanwó, mo dúpẹ́, n kò sì lè sọ ohun mìíràn.